Bí ẹ ṣe lè gba ẹni tí yóò máa bá yín tún ilé ṣe, kí ẹ sì bá a ṣiṣẹ́ láìsí ìjà

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi fi gbálẹ̀ ilé onílé ní Súrùlérè. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń jí kí wọ́n lè bá danfó àkọ́kọ́ ní Agége. Nígbà tí èmi náà wá di ẹni tó ń sanwó fún agbálẹ̀ nínú ilé mi ní Gbàgádà, mo rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ti bá mi ṣiṣẹ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ bínú lọ, ẹni kẹta ṣì wà pẹ̀lú mi.

Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó lọ yẹn dáadáa. Kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá ló dà wá rú. Ohun tí a kò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni: aago tí iṣẹ́ máa parí, ohun tó wà nínú iṣẹ́ àti ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹni tí yóò fara gbá a bí owó ọkọ̀ bá wọ́n sí i. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí mo máa kọ síbí dá lórí ọ̀rọ̀ sísọ ju ọṣẹ àti korobá lọ. Ẹni tó ń wá, tó ń tún ilé ṣe, tó sì ń padà sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ni mo ń sọ, ẹni tí àwọn mìíràn ń pè ní klínà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé pẹ̀lú ẹni yàtọ̀, n kò sì ní pò ó mọ́ èyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ilé yín ká

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó máa ṣe nígbàkigbà tó bá wá: ilẹ̀ gbígbá àti nínù, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, balùwẹ̀, orí tábìlì ilé ìdáná. Ẹ wá kọ èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bíi fáànù àti òwú aláǹtakùn inú igun àjà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ti fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, inú fíríìjì, àti ẹ̀yìn sítóòfù níbi tí òróró ń dì sí.

Ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n ń tọ́jú déédéé máa ń gba ẹnì kan ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ilé tí akunlé àti àwọn tó ń lẹ táìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́lẹ̀, ọ̀dà ti ta sí gíláàsì, eruku wà nínú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ilẹ̀ gbígbá. Ẹ má fi "wá bá mi gbálẹ̀" pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

2. Ibi tí ẹ ti máa rí i

Ará àdúgbò ló dára jù. Ẹ bi ẹni tí ilé rẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀sìteeti yín, ẹ bi mẹ́gáàdì, ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Ẹni tó ti ní ilé méjì lágbègbè yín lè fi ilé yín ṣe ìkẹta, kò sì ní náwó ọkọ̀ púpọ̀.

Bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ ágẹ́ǹtì, ẹ bi í ní ìbéèrè kan láìtijú: nínú owó oṣù tí mo bá san, èló ló ń dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́? Àwọn ágẹ́ǹtì kan máa ń gba owó lọ́wọ́ yín, kí wọ́n tún máa yọ lára owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá já gaara, ẹ wá ibòmíràn. Ẹni tí kò rí owó rẹ̀ gbà kò ní pẹ́ lọ.

Ẹ má ṣe gba ọmọdé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ka gbígba ọmọdé sí iṣẹ́ ilé níta ìdílé tirẹ̀ léèwọ̀. Bí wọ́n bá ní "ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ló kéré," ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà NIN wá.

3. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo máa ń gbà. Èkíní ni ẹ̀dà ìwé NIN, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ díjíìtì mọ́kànlá, kí orúkọ àti àwòrán rẹ̀ bá ẹni tó dúró níwájú mi mu. Èkejì ni onídùúró méjì tí wọ́n ní ilé tàbí iṣẹ́ tí ènìyàn lè dé. Ẹ pe àwọn méjèèjì, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan lára wọn. Ẹ̀kẹta ni ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ìbéèrè tó máa ń sọ òtítọ́ fún mi lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni: "Bí ó bá padà wá lónìí, ṣé ẹ máa tún gbà á?" Bí ẹni náà bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ yín. Ẹ sọ orúkọ yín fún un, ibi iṣẹ́ yín, àti iye ènìyàn tó wà nínú ilé, kí ẹ sì sọ fún un bóyá ajá wà. Obìnrin tó ń wọ ilé àjèjì ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, kò kàn ní sọ ọ́ síta ni. Bí ó bá fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá mọ ilé yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó mú un wá.

4. Owó

Òfin owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024. Ìjọba Èkó kéde 85,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, Ọ̀yọ́ kéde 80,000. Òfin náà yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, nítorí náà kò de ilé tó gba agbálẹ̀ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, òun ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ pín 85,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, yóò fún yín ní nǹkan bíi 3,860 náírà lójúmọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò sì ní ìdánilójú pé òun máa rí iṣẹ́ fún ọjọ́ yòókù, torí náà ó yẹ kí owó ojúmọ́ rẹ̀ ju ti ẹni tó ní owó oṣù lọ.

Owó ọkọ̀ ni kí ẹ dá sọ lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó danfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gòkè. Ẹni tó ń wá láti Ìkòròdú sí Gbàgádà lè wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní àlọ nìkan. Ní ilé mi, èmi ni mo ń san owó ọkọ̀, a sì máa ń tún un wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tí mo ń pò ó mọ́ owó iṣẹ́, gbogbo ìgbà tí epo bá wọ́n ni èmi àti ẹni àkọ́kọ́ ń fa ọ̀rọ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ ó máa sanwó, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tirẹ̀ gan-an, kó má jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ẹ̀rí lè wà fún ẹ̀yin àti òun. Mùsùlùmí mọ ọ̀rọ̀ Ànábì pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Kristẹni mọ Léfítíkù 19:13, pé owó alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ sùn lọ́dọ̀ ẹni di òwúrọ̀. Mo rántí alẹ́ tí ìyá mi bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní òpin oṣù tí wọ́n sọ fún wa pé mádáàmù ti rìnrìn àjò, kò sì fi owó sílẹ̀. Gààrí la mu fún ọjọ́ mẹ́rin. Mádáàmù yẹn kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó gbàgbé ni.

5. Àdéhùn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí òun lè kà. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ kà á sókè fún un níwájú ẹnì kan tó fọkàn tán. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa wá, aago tó máa dé àti aago tó máa lọ. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ tò sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní, owó àti ọjọ́ tí ẹ ó san án.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ fífọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá. Ọbẹ̀ sísè kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá. "Jọ̀ọ́, bá mi wo ọmọ yìí fún ìṣẹ́jú díẹ̀" kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá, pàápàá bí ìṣẹ́jú díẹ̀ náà bá di ọ̀sán. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ dá owó rẹ̀ sọ, kí òun náà sì lè kọ̀ láìsí pé ojú yín yí padà.

Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, bí ẹ̀yin bá rìnrìn àjò, àti ní ọjọ́ Iléyá, Ìtunu Ààwẹ̀, Kérésì àti Àjíǹde. Ní tèmi, bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ní kó má wá, mo ń san owó ọjọ́ náà. Ẹ tún fẹnu kò sí iye ọjọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ máa fi sọ fún ẹnìkejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni tiwa.

6. Ọjọ́ ìdánwò

Ẹ jẹ́ kó wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kí ẹ sì san owó ọjọ́ náà ní kíkún, bó bá tẹ́ yín lọ́rùn tàbí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bá a rìn káàkiri ilé. Ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń pa iná ńlá hàn án, ibi tí wọ́n ti ń ti ẹnu sìlíńdà gáàsì, àti ibi tí wọ́n ti ń pa omi táǹkì. Ẹ sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: wáyà ínfátà, ìwé orí tábìlì yín, oògùn.

Ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ lọ jókòó, kí ẹ padà wá wo iṣẹ́ nígbà tó bá parí. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń wò: ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, orí abẹ fáànù, àti abẹ́ àga. Àárín pálọ̀ kò lè sọ nǹkan kan fún yín, gbogbo ènìyàn ló ń gbá ibẹ̀.

7. Ọṣẹ, kẹ́míkà àti ohun èlò

Ẹ̀yin ni kí ẹ ra gbogbo rẹ̀: ìgbálẹ̀, ìkólẹ̀, mọ́ọ̀pù, korobá méjì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú, àti àkísà tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Pupa ni ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì nílé mi, funfun ni ti ilé ìdáná, a kì í fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú lọ́kàn rèé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pa Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ ọṣẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì, bíi Harpic, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ fíníkà (vinegar). Afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní chlorine ló máa ń jáde níbẹ̀. Ó ń ta ojú, ó ń fún ènìyàn ní ọ̀fun, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bákan náà ni tí a bá pa Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ ohun tó ní amóníà, irú èyí tó wà nínú àwọn omi ìnugíláàsì kan. Afẹ́fẹ́ olóró mìíràn ni yóò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé bí a bá da méjì pọ̀, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ìyá mi náà gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi wúkọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fọ balùwẹ̀ kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò, kí ẹ tó lo èkejì lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pò ó pọ̀, kí ẹni náà jáde síta síbi atẹ́gùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má dúró tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Bí mímí bá ń nira, tàbí tí ikọ́ kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ orúkọ ohun tó lò fún dókítà.

Ẹ má bu kẹ́míkà sínú ike omi tàbí ike mínírà. Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀, àlejò pàápàá lè ṣèèṣì mu ún. Inú ike tó bá wá ni kó wà, kí orúkọ rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Hypo tí ẹ bá ti bu omi sí kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń dínkù, torí náà ìwọ̀nba èyí tó máa tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ pò. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ mábù tàbí tẹrásò, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ásíìdì, fíníkà àti ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ojú rẹ̀, dídán rẹ̀ kì í sì í padà fúnra rẹ̀.

Ní ti ìgbà ọyẹ́, àkísà tutù tí wọ́n ti fún dáadáa ni kó fi nu eruku. Gbígbẹ kàn ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn ni. Òkè ni kó ti máa bọ̀ wálẹ̀: àjà, fáànù, fèrèsé, àga, kó wá fi ilẹ̀ kẹ́yìn. Bí ó bá ki àpò ìrọ̀rí àtijọ́ bọ abẹ fáànù kó tó fà á, inú àpò náà ni eruku máa bọ́ sí, kò ní já lé ibùsùn.

8. Ènìyàn ló wà nínú ilé yín

Ìbí kò ju ìbí. Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ìyá tó ń bá mi ṣiṣẹ́ báyìí fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. "Mọ́mì" ni mo ń pè wọ́n, "ẹ" ni mo ń bá wọn sọ, àwọn ọmọ mi sì ń kúnlẹ̀ kí wọn ní àárọ̀. Bí ẹ bá mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, Ìyá Táyé tàbí Bàbá Ṣadé ló yẹ kó jẹ́ lẹ́nu yín, kì í ṣe "agbálẹ̀, wá ńbí."

Ẹ fún un ní omi mímu, kó sì rí nǹkan fi sẹ́nu bí iṣẹ́ bá wọ ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kó rí ààyè kírun. Ẹ jẹ́ kó lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mo ń kọ èyí torí mo mọ ilé tí wọ́n ń sọ fún agbálẹ̀ pé kó lọ wá ibi tọ̀ níta, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ rẹ̀ fọ̀ mọ́ ni wọ́n kò jẹ́ kó lò. Ìwà tó burú ni.

Ẹ má ti ènìyàn mọ́lé jáde. Irin wà lójú fèrèsé wa gbogbo. Bí iná bá sọ, kò sí ibi tó máa gbà. Bí ẹ kò bá lè fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un, kó wá lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nílé. Bí ẹ bá ní kámẹ́rà, ẹ sọ fún un, ẹ sì fi ibi tó wà hàn án. Kò gbọ́dọ̀ sí nínú balùwẹ̀ tàbí yàrá tó ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Bí iṣẹ́ kò bá dára, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ní ohùn jẹ́jẹ́, níbi tí ọmọ àti àlejò kò sí. Ẹ dárúkọ ibi pàtó: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ síǹkì yìí ṣì ń yọ̀." Ìbínú tí ẹ bá tọ́jú fún oṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan.

9. Bí nǹkan bá sọnù

Yẹtí góòlù tí ìyá mi fún mi kò sí níbi tí mo gbé e sí mọ́. Mo bi ẹni kejì tó bá mi ṣiṣẹ́ ní ìbéèrè lójú àwọn ọmọ mi. Ó sunkún, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tú u. Mo tú u. Súwẹ́tà ọmọ rẹ̀ àti búrẹ́dì ni mo bá níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo rí yẹtí náà nínú pọ́ọ̀sì tí mo gbé lọ síbi ìgbéyàwó. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò padà wá.

Láti ìgbà náà, góòlù, owó àti ìwé pàtàkì wà nínú dúróà tí mo ń tì, èmi fúnra mi ni mo sì ń nu ibẹ̀. Bí n kò bá rí nǹkan, mo máa ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wá a, mo máa ń bi gbogbo ará ilé. Bí mo bá máa bi í, bí mo ṣe bi àwọn yòókù ni mo máa bi òun náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i?" Ẹ má tú ara ẹnikẹ́ni wò. Ẹ má gba owó oṣù rẹ̀ dípò ohun tí ẹ kò ní ẹ̀rí lé lórí. Àwo tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fọ́ kì í ṣe olè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni.

10. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí

Bóyá ó rí iṣẹ́ tó dára jù, bóyá ẹ̀yin ni ẹ ń kó lọ. Ẹ ka ọjọ́ tó ṣe nínú oṣù náà, kí ẹ san án kó tó jáde. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti sọnù rí, ẹ pààrọ̀ àgádágodo láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé fún un. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, oṣù àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, iṣẹ́ tó ṣe, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, àti iye tí ẹ ń san fún un gbẹ̀yìn. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù yín sí i. Ìyá mi kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà rí. Nígbà tí wọ́n dé ilé kẹrin ní Súrùlérè, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án nídìí iṣẹ́ náà, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún wọn.